Àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ tí a bá ń dán ohun èlò tuntun wò lórí ààrò amọ̀ elédùú

"Kẹ̀ù!" Ariwo tí òkúta písà mi, òkúta pẹlẹbẹ tí à ń yan písà lé lórí, pa kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó dún bí ìgbà tí ènìyàn bá fi ọmọ odó gbá ẹ̀gbẹ́ àwo tánganran. Ọjọ́ Sátidé ni, nínú àgbàlá wa ní Ọ̀bàńtokò, Abẹ́òkúta. Àlejò mẹ́sàn-án ló jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ń retí písà tí mo ti ń ròyìn fún wọn láti àárọ̀. Nígbà tí mo gbé ọmọrí ààrò sókè, òkúta tí àǹtí mi fi ránṣẹ́ sí mi láti Amẹ́ríkà ti là sí méjì, wàrà tó yọ́ ń kán sórí èédú, èéfín rẹ̀ sì ń ta wá lójú. Òkúta náà kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá lórí iná.

Òkúta dáadáa ni. Èmi ni mo lò ó bí ẹni ń lo páànù irin. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kíyè sí bí àwa tí a ní ààrò yìí ṣe ń lo ohun èlò rẹ̀, nílé wa àti nílé àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Ìbarà àti Adátán, mo sì rí i pé àṣìṣe kan náà ló ń yí wa po. Owó kékeré kọ́ ni wọ́n ń gbà lórí ohun èlò wọ̀nyí. Ó ń dùn mí tí mo bá rí i tí wọ́n bàjẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó sì ń dùn mí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí iná bá jó ènìyàn.

Fún ẹni tí kò tíì rí ààrò yìí rí: kamado ni wọ́n ń pè é, orúkọ tí àwọn ará Japan ń pe ààrò ìdáná. Àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ló rí i lọ́hùn-ún, tí wọ́n sì gbé e lọ sílé lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Ní ọdún 1974, Ed Fisher dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Atlanta, ibẹ̀ ni Big Green Egg tó ní àwọ̀ ewé ti jáde. Ó rí roboto bí ẹyin ńlá, amọ̀ tí wọ́n sun gan-an tí wọ́n sì fi dídán bò ni ara rẹ̀, ó sì wúwo débi pé ọkùnrin méjì ní í gbé ti èmi. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ já a sílẹ̀ ní ẹnu ọ̀nà wa, ìyá kan tó ń ta àdìrẹ ní Ìtokú tó wá kí wa rò pé ìkòkò aró ni. Kò fi bẹ́ẹ̀ jìnnà sóòótọ́. Ẹni tó bá mọ bí a ti ń tọ́jú ìkòkò amọ̀ ti mọ ìdajì nǹkan tí mo fẹ́ sọ.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ kò le. Èédú wà nísàlẹ̀. Ilẹ̀kùn kékeré kan wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé, ihò kan sì wà lórí ọmọrí tí èéfín ń gbà jáde. Bí ẹ bá ṣe ṣí méjèèjì tó ni iná ṣe máa gbóná tó. Ògiri amọ̀ náà a máa mu ooru sára, a sì máa tú u padà díẹ̀díẹ̀, ìdí nìyí tí èédú ìwọ̀nba fi lè yan ẹran láti alẹ́ dé àárọ̀. Gbogbo ohun tí ẹ bá ki bọ àárín iná àti oúnjẹ ló ń yí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ àti ooru ń gbà kọjá padà. Ẹ jẹ́ kí gbólóhùn yẹn wà lọ́kàn yín, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ìjàǹbá ti ń bẹ̀rẹ̀.

Kíkó gbogbo rẹ̀ jáde lọ́jọ́ kan náà

Èyí ni ìyá gbogbo àwọn tó kù. Àpótí dé láti òkè òkun, ohun mẹ́rin wà nínú rẹ̀: àwo adínà, ìyẹn àwo amọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí à ń gbé sórí èédú kí ọwọ́ iná má baà kan oúnjẹ, òkúta písà, páànù irin dúdú, àti tẹmómítà olókùn. Ọkàn a máa yára. A ní ká kúkú lo gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ ìkómọ tó ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kí àwọn ènìyàn rí i.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é. Bí kò bá sí àwo adínà, ooru ń bọ̀ tààrà láti ojú èédú, tẹmómítà ara ọmọrí a sì yára gòkè. Tí ẹ bá gbé àwo adínà sí i, àwo náà ló máa kọ́kọ́ mu ooru. Tẹmómítà lè ti máa sọ pé 180 lórí ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì nígbà tí àwo kò tíì gbóná dé inú. Ó tó ọgbọ̀n sí ogójì ìṣẹ́jú kí gbogbo rẹ̀ tó bára mu. Ẹ wá tún gbé òkúta lé orí àwo, ẹ gbé páànù lé ẹ̀gbẹ́ òkúta. Nígbà tí adìẹ bá wá jóná nísàlẹ̀ tí òkè rẹ̀ sì funfun, èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fà á? Kò sí bí ẹ ṣe lè mọ̀. Ẹ kò rí nǹkan kan kọ́, adìẹ sì ti lọ.

Bí èmi ti ń ṣe é nísinsìnyí nìyí. Ohun èlò kan, ọjọ́ kan. Ní ọjọ́ náà, n kì í pe àlejò. Mo máa ń ra búrẹ́dì Àgége kan, mo gé e pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ, mo tẹ́ ẹ kún ojú àwọ̀n irin láti etí kan dé èkejì, mo sì pa ọmọrí dé. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́rin tàbí márùn-ún mo ṣí i, mo dojú gbogbo rẹ̀ bolẹ̀ létòlétò bí wọ́n ṣe tò. Ibi tí búrẹ́dì ti dúdú ni ooru pọ̀ sí, ibi tó ṣì funfun ni ooru kò dé. Lórí ààrò tèmi, gbogbo èyí tó wà lẹ́yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí ọmọrí ti so mọ́ ara ààrò, dúdú bí ìdí ìkòkò, ti iwájú sì pọ́n bí epo díndín. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti kọ itan adìẹ sẹ́yìn mọ́, ẹ̀yìn ni mo máa ń kó ọrùn àti egungun sí. Nígbà tí mo gbé àwo adínà wọlé tí mo tún tẹ́ búrẹ́dì mìíràn, àwòrán náà yí padà pátápátá: àárín wá funfun, etí ló pọ́n, nítorí etí àwo ni ooru ń gbà gòkè. Búrẹ́dì kan ló kọ́ mi ní ohun tí ẹran tó lówó lórí kò bá kọ́ mi.

Mo tún ní ìwé kékeré kan tí mo máa ń kọ ọ́ sí: ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ ṣí tó ìka méjì, ihò òkè ṣí tó ìlàjì, ooru jẹ́ báyìí lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ó jẹ́ báyìí lẹ́yìn ogójì. Tí mo bá pa ohun èlò pààrọ̀, mo ṣí ojú ewé tuntun. Oúnjẹ ìdánwò mi kò ju iṣu, ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà àti ọrùn adìẹ lọ. Tí iṣu bá jóná, a fi ọ̀bẹ họ ọ́, a fi epo pupa jẹ ẹ́, kò sẹ́ni tójú ń tì.

Gbígbé ohun tútù lé iná gbígbóná

Ẹ jẹ́ kí n padà sórí òkúta mi tó là. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, mo rí eruku lára rẹ̀, mo fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́ dáadáa, mo gbé e sórí táìlì nínú ilé. Nígbà tó di ọ̀sán, iná ti gòkè tó 300 lórí ìwọ̀n Sẹ́ṣíọ́ọ̀sì. Mo gbé òkúta tútù yẹn, tí omi ṣì wà nínú ara rẹ̀, mo gbé e lé iná tààrà láìsí àwo adínà lábẹ́ rẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ gbóná lójijì, ó ń fẹ̀ sí i. Òkè rẹ̀ ṣì tutù, kò fẹ̀. Omi inú rẹ̀ di ooru, kò rọ́nà jáde. Ibi tí ìjà wọn pin sí ni "kẹ̀ù" tí a gbọ́.

Ìyá àgbà mi, ẹni tó fi ìkòkò amọ̀ se ọbẹ̀ títí ó fi darúgbó, kò ní jẹ́ ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Tí ọmọdé bá fẹ́ da omi tútù sínú ìkòkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀ kalẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ni màmá máa gbá kí omi tó dé ibẹ̀. Ìkòkò tuntun kì í sì í bá iná ńlá pàdé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Iná wẹ́rẹ́ ló máa ń dá sí i lábẹ́. Ohun tí wọ́n fi ń ṣe òkúta písà àti àwo adínà kò jìnnà sí ti ìkòkò yẹn, bó ti wù kí àpótí wọn dán tó.

Nítorí náà, nígbà tí iná bá ṣì kéré ni kí ẹ gbé òkúta wọlé, kí òun àti ààrò jọ máa gbóná. Ẹ gbé àwo adínà sábẹ́ rẹ̀. Ẹ fún un ní nǹkan bí ìṣẹ́jú márùnlélógójì kí ìyẹ̀fun tó kàn án. Ẹ má fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ láéláé, nítorí ara rẹ̀ ń mu nǹkan, písà tó tẹ̀ lé e á sì máa ta ọṣẹ lẹ́nu. Ẹ fi ọ̀bẹ tí kò mú ha ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fi aṣọ tó rin díẹ̀ nù ún, ó parí. Àwọ̀ rẹ̀ á dúdú, ẹ jẹ́ kó dúdú.

Ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú fírísà jáde kò gbọ́dọ̀ dé orí òkúta gbígbóná, ẹ jẹ́ kí yìnyín ara rẹ̀ yọ́ tán kí ẹ sì nù ún gbẹ. Bákan náà ni omi. Mo ti rí ẹni tó gbé ike omi, tó fẹ́ fi pa iná kí ó lè tètè lọ sùn. Amọ̀ á là, omi gbígbóná á sì ta sí i lójú. Tí ẹ bá fẹ́ pa iná, ẹ ti ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀, ẹ dé ihò òkè, iná á kú fúnra rẹ̀. Èédú tó ṣẹ́kù á wúlò lọ́jọ́ mìíràn.

Àwa tí a wà ní Abẹ́òkúta sì mọ bí òjò wa ti ń rọ̀. Ààrò tó wà ní gbangba láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá ń mu omi láti ibi tí kò ní dídán, pàápàá nínú. Ẹ bò ó. Tí òjò bá ti pa á, ẹ má kàn dáná ńlá sí i lọ́jọ́ kejì. Ẹ fi iná kékeré, bí 100, yá a fún wákàtí kan kí omi lè jáde wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ṣíṣí ọmọrí wàì

Èyí ni mo fẹ́ kí ẹ kà lẹ́ẹ̀mejì. Àbúrò mi ọkùnrin ń bá mi yan itan ewúrẹ́ lórí páànù irin tuntun. Ooru ti fẹ́ ga jù, a sì ti ti afẹ́fẹ́ pa fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó ní kí òun wò ó bóyá ó ti pọ́n. Ó di ọwọ́ ọmọrí mú, ó gbé e sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Iná bú jáde fòò, ó la ojú rẹ̀ kọjá. Irun apá rẹ̀ ọ̀tún jóná títí dé ìgúnpá, ìpéǹpéjú rẹ̀ ká, òórùn irun jíjóná sì gba gbogbo àgbàlá. A dúpẹ́ pé kò kan ẹyinjú.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé èédú gbóná gan-an ṣùgbọ́n kò rí afẹ́fẹ́ mí. Afẹ́fẹ́ tó lè jó ti kóra jọ sábẹ́ ọmọrí, kò rí ohun tí yóò fi gbiná. Bí ọmọrí ti ṣí báyìí, afẹ́fẹ́ ìta rọ́ wọlé, gbogbo rẹ̀ sì gbiná lẹ́ẹ̀kan. Ohun èlò tuntun ń mú kí ewu yìí pọ̀ sí i, nítorí àwo adínà tàbí páànù ń bo ojú èédú. A kò rí iná mọ́, a wá ń rò pé ó ti kú.

Bí ẹ ó ti máa ṣe é nìyí, ní gbogbo ìgbà, kódà tí ẹ bá ń kánjú. Ẹ kọ́kọ́ ṣí ihò òkè. Ẹ bọ ìbọ̀wọ́ tó dé ìgúnpá. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má dúró síwájú. Ẹ gbé ọmọrí sókè ní ìwọ̀n ìka méjì péré, ẹ dì í mú síbẹ̀, ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé àrún, kí ẹ sì máa wo èéfín bó ti ń jáde. Ẹ tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá gbé e sókè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ẹni tó wọ agbádá tàbí tó fi ìborùn kọ́ ọrùn kò gbọdọ̀ sún mọ́ ọn. Ẹ sì kọ́ gbogbo ẹni tó bá ń bá yín ṣiṣẹ́ nídìí iná, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ máa ń yá.

Jíjẹ́ kí iná sá kọjá

Ẹni tó bá ti ń lo àgbá irin tí a là sí méjì láti fi yan ẹran mọ̀ pé tí iná bá pọ̀ jù, kó kó èédú díẹ̀ kúrò, kò ní pẹ́ rọlẹ̀. Ààrò amọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Tí amọ̀ bá ti mu ooru 300 sára, ó lè tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kó tó padà sí 150, àdúrà kò sì lè mú un yá. Ìdí nìyí tí kò fi dára kí ènìyàn ṣí gbogbo afẹ́fẹ́ sílẹ̀ kó wá lọ bá àlejò ṣeré.

Ìsàlẹ̀ ni ká ti máa gùnkè. Fún ẹran tó ń fẹ́ sùúrù, irú bí àyà màlúù, 110 sí 120 ti tó. Fún adìẹ odidi, 180 sí 190. Fún písà, 280 sókè. Tí ooru bá ti ku nǹkan bí 25 kó dé ibi tí ẹ fẹ́, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ti afẹ́fẹ́ díẹ̀díẹ̀. Tó bá wá sá kọjá, ẹ ti ìsàlẹ̀ kó ku bíńtín, kí ẹ sì ní sùúrù. Ẹ má ṣí ọmọrí sílẹ̀ pé kó lè fẹ́ sí i. Afẹ́fẹ́ ni oúnjẹ iná, ṣe lẹ ń bọ́ ọ.

Bí ààrò náà bá tuntun, ẹ má dá iná písà sí i ní ìgbà mẹ́ta mẹ́rin àkọ́kọ́. Gásíkẹ́ẹ̀tì aláṣọ kan wà láàárín ọmọrí àti ara ààrò, gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi lẹ̀ ẹ́, iná ńlá ní kùtùkùtù sì máa ń bó o kúrò. Tí ìyẹn bá ti lọ, èéfín á máa yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ kò sì ní lè káwọ́ ooru mọ́.

Èédú àti ohun tí a fi ń dáná

Ẹ má da kẹrosíìnì sí i. Ẹ má tiẹ̀ dárúkọ bẹntiróòlù. Mo mọ̀ pé bí ọ̀pọ̀ wa ṣe ń dáná àdògán nìyẹn, ṣùgbọ́n amọ̀ yìí máa ń fà á mu, ẹ ó sì máa jẹ kẹrosíìnì nínú ẹran fún ìgbà pípẹ́. Òwú tí a rì sínú òróró díẹ̀ máa ń jó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó sì tó láti ran èédú. Ìhá ẹyìn tí wọ́n ti fún epo rẹ̀ náà dára, òun ni àwọn ìyá wa fi ń dáná. Ẹ ṣáà dúró kí èéfín rẹ̀ tán pátápátá kí ẹran tó wọlé.

Èédú tí à ń rà ní pẹ́ńtì lọ́jà Láfẹ́nwá tàbí Kútọ̀ dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí igi gidi ni wọ́n fi sun ún. Ẹ mú méjì, ẹ fi kanra wọn. Tó bá ń dún bí àpáàdì, igi líle ni, ó sì gbẹ. Tó bá ń dún bọ̀bọ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ fi lọ aṣọ. Àṣìṣe tí mo ń rí ni pé a máa ń da gbogbo rẹ̀ sínú ààrò tòun ti lẹ́búlẹ́bú ìsàlẹ̀ àpò. Lẹ́búlẹ́bú yẹn á dí ihò abẹ́, iná á sì máa kú láàárín iṣẹ́, ẹ ó máa rò pé ohun èlò tuntun ló ń ṣe yín. Ẹ fi ọwọ́ ṣa èyí tó tóbi síta kí ẹ kọ́kọ́ tò ó, kéékèèké tẹ̀ lé e, kí ẹ da ìyókù nù.

Tí ẹ bá fẹ́ igi tí yóò fún ẹran ní òórùn èéfín, igi gúáfà tó ti gbẹ dára púpọ̀, igi ọsàn náà dára. Ẹ̀là méjì tàbí mẹ́ta tó ọwọ́ ọmọdé ti tó. Ẹ má lo pákó tí wọ́n ti kùn tàbí tí wọ́n ti fi oògùn kòkòrò sí. Ìgékù ilé káfíńtà kò ṣe é fọkàn tán.

Ohun tí wẹ́dà bá wa ṣe

Àwọn wẹ́dà wa mọṣẹ́, mo sì fẹ́ràn kí a máa gbé iṣẹ́ fún wọn dípò kí á máa retí ọkọ̀ ojú omi. Àwọ̀n irin tí mo ń lò jù, wẹ́dà àdúgbò wa ló ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè irú irin tó fẹ́ lò. Irin tí wọ́n fi síńkì bò, tó máa ń dán bíi páìpù omi, kò yẹ kó sún mọ́ oúnjẹ lórí iná. Síńkì ń yọ́ ní 420, ojú èédú sì ń gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èéfín rẹ̀ máa ń mú kí òtútù àti ibà gbé ènìyàn, àwọn wẹ́dà fúnra wọn mọ̀ ọ́n. Irin tí wọ́n ti fi ọ̀dà kùn náà kò dára. Ẹ gba irin lásán tàbí èyí tí kì í dípẹtà.

Ẹ wọn inú ààrò kí ẹ tó lọ, ẹ má fojú díwọ̀n. Ohunkóhun tó bá pẹlẹbẹ tí kò ní ihò, páànù tàbí àwo, gbọ́dọ̀ kéré ju inú ààrò lọ kí àlàfo bí ìka méjì lè yí i po. Tó bá bo gbogbo rẹ̀, kò sí ibi tí afẹ́fẹ́ á gbà, iná á kú tàbí kí ó kóra jọ de ẹni tó máa ṣí ọmọrí. Ẹ tún wọn gíga láti ojú àwọ̀n dé inú ọmọrí. Ọ̀rẹ́ mi kan ṣe àgéré alájà méjì tó rẹwà, adìẹ tòlótòló tó gbé lé e sì ń ti ọmọrí sókè ní gbogbo ọ̀sán.

Páànù irin dúdú ń fẹ́ òróró. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ gbẹ ẹ́ lórí iná, ẹ fi òróró fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ pa á, ẹ yá a títí yóò fi mu ún, kí ẹ tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Tí ẹ bá fi sílẹ̀ nínú ààrò lóṣù keje, ìpẹtà ni ẹ ó bá níbẹ̀.

Ọ̀pá ayíran, tẹmómítà, búrọ́ọ̀ṣì

Ọ̀pá tó ń yí adìẹ fúnra rẹ̀ dára, mọ́tò ló ń yí i. Kí ẹ tó lò ó, ẹ bi ara yín léèrè: tí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́? Adìẹ á dúró, ẹ̀gbẹ́ kan á sì jóná kí ẹ tó sáré dé ìdí jẹnẹrétọ̀. Ẹ wá èyí tó ń lo bátìrì, tàbí kí ẹ so ó mọ́ ínfátà. Ẹ fi okùn òwú di ìyẹ́ àti ẹsẹ̀ adìẹ mọ́ra dáadáa. Tó bá wúwo sápá kan, mọ́tò á máa ké.

Tẹmómítà ara ọmọrí ń sọ ooru òkè, kò sọ ti ibi tí ẹran wà, ìyàtọ̀ wọn sì lè pọ̀. Ẹ kọ́kọ́ dán tẹmómítà tuntun wò nínú omi tó ń hó: ní Abẹ́òkúta níbí, ó gbọ́dọ̀ sún mọ́ 100 gan-an. Tí ẹ bá ń kì í bọ adìẹ, ibi tó nípọn jù ní itan ni, kí ẹnu rẹ̀ má kan egungun. 74 ni adìẹ ti jinná, ẹ má gbọ́kàn lé àwọ̀ ara rẹ̀. Okùn tẹmómítà kò sì gbọdọ̀ kọjá lójú iná.

Búrọ́ọ̀ṣì onírin, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbàgbé ẹ̀. Ẹ̀hù irin rẹ̀ máa ń já sára àwọ̀n, á lẹ̀ mọ́ ẹran, á sì ha sí ènìyàn lọ́fun. Ìlàjì àlùbọ́sà tí a fi ẹ̀mú dì mú, tí a fi ń nu àwọ̀n gbígbóná, máa ń fọ̀ ọ́ mọ́. Tó bá tutù tán, kàn-ìn-kàn-ìn ìbílẹ̀ ń ṣe ìyókù.

Lẹ́yìn tí ẹran bá jinná

Ẹ má gbé ààrò yìí wọ inú ilé tàbí gáréèjì nítorí òjò, kódà tó bá jọ pé iná ti kú. Èédú ń tú afẹ́fẹ́ olóró tí kò ní òórùn jáde, ó ń pa ènìyàn lójú oorun. Eérú rẹ̀ sì lè gbóná di ọjọ́ kejì. Inú garawa irin ni kí ẹ kó o sí, ẹ má fi náílọ̀nù kó o.

Àǹtí mi ti fi òkúta písà mìíràn ránṣẹ́. Ó ti wà nínú ilé fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó gbẹ. Sátidé tó ń bọ̀, òun nìkan ni ohun èlò tuntun tí màá gbé wọ inú ààrò nígbà tí iná bá ṣì wà ní 80, àwo adínà lábẹ́ rẹ̀, mo sì ti ra búrẹ́dì Àgége kan sílẹ̀. N kò pe ẹnikẹ́ni. Ìdajì méjì ti àkọ́kọ́ ṣì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, orí wọn ni mo máa ń gbé ìbọ̀wọ́ àti ẹ̀mú lé.